Ẹni tó ń di àwọ̀n

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ Sátidé sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo kí gbogbo yín. Àkòrí tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ sí mi ni "Ìmúbọ̀sípò àti ìsọdọ̀tun nínú ìgbàgbọ́ àti nínú ìbáṣepọ̀." Ẹrù ńlá ni. Kí n tó gbé e rárá, mo ní kí n bi ara mi léèrè: nígbà tí a bá dìde lóru ìṣọ́, tí a na ọwọ́ sókè, tí a ń ké pé "Olúwa, mú mi bọ̀ sípò," kí là ń tọrọ gan-an?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ́tí sí àdúrà yẹn. Owó tó wọlẹ̀ ni. Iṣẹ́ tó bọ́ ni. Ilẹ̀ tí wọ́n fi èrú gbà ni. "Gbogbo ohun tí ọ̀tá gbà lọ́wọ́ mi, mo gbà á padà ní ìlọ́po méje!" Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ bí ilé ṣe ń rí lópin oṣù. Ṣùgbọ́n àdúrà kan wà tí etí mi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn òkè gbà láàárín ìjọ: "Olúwa, mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ sípò, torí èmi ni mo jẹ̀bi."

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jókòó sí lónìí.

Gálátíà 6:1 ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Pọ́ọ̀lù ní bí a bá mú ènìyàn nínú ìṣubú kan, kí àwọn tí wọ́n jẹ́ ti Ẹ̀mí mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò ní ẹ̀mí ìwà tútù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni katartizo. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò fẹ́ kọ́ yín ní Gíríìkì; èmi fúnra mi kò gbọ́ ju ohun tí mo lè fi yẹ ìwé atúmọ̀ wò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni Mátíù àti Máàkù lò níbi tí Jésù ti ń kọjá lọ létí òkun Gálílì, tó rí Jákọ́bù àti Jòhánù, àwọn ọmọ Sébédè, tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń di àwọ̀n wọn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ apẹja ń ṣe lára àwọ̀n tó ya, òun ni Pọ́ọ̀lù ní kí ìjọ máa ṣe lára ẹni tó ṣubú. Àwọn Gíríìkì a tún máa lo ọ̀rọ̀ náà fún eegun títò.

Ẹni tó bá ti dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Màkókò yóò ti rí wọn. Apẹja á jókòó sójú kan, á na àwọ̀n sórí itan, á máa fi ìka wá ojú tó ya. Kì í kánjú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá náà kò mú òwú. Ọ̀bẹ ló mú. Ó ń gé gbogbo fọ́nrán tó já yí ihò náà ká, ó gé e títí ó fi dé ibi tí kókó àwọ̀n ṣì le koko. Ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ wá di ihò tí orí ọmọdé lè gbà kọjá. Mo ní, "Bàbá, ẹ tún ń bà á jẹ́ sí i ni o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá so fọ́nrán tó ti jẹrà mọ́ fọ́nrán tó ti jẹrà, ẹja àkọ́kọ́ tó bá gbọn ìrù ló máa já a.

Ọ̀pọ̀ ìlàjà tí à ń ṣe nínú ìjọ àti nínú ẹbí, ìjẹrà ni à ń so mọ́ ìjẹrà. "Ẹ jẹ́ ó tán síbẹ̀." "Ẹ dì mọ́ ara yín." "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é." Pásítọ̀ fẹ́ lọ síbòmíràn, ìrẹsì ń tutù nínú kúlà, wọ́n ya fọ́tò. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ ó gbọ́ pé àwọn méjèèjì kì í gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò sẹ́ni tó mú ọ̀bẹ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, ta ló sọ kí ni, èló ni owó náà, ọ̀dọ̀ ta ló wà báyìí.

Ti eegun náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà tí eegun èjìká rẹ̀ yẹ̀, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bó o sún mọ́ ọn, á pariwo kí o tó nawọ́. Ẹni tó mọ eegun tò kì í fi ìbínú fa apá. Á fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pa á lára, á máa bá a tàkúrọ̀sọ, á bi í léèrè ọmọ ilé ta ni, títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Ìyẹn gan-an ni ìwà tútù tí Pọ́ọ̀lù ń wí. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n mọ ibi tí eegun ti yẹ̀ lára gbogbo ọmọ ìjọ, wọ́n lè kà á fún yín lórí. Ọwọ́ tútù ni wọn ò ní. Ẹ jọ̀wọ́, kí irú wọn má fọwọ́ kan aláìsàn.

Ẹ wá wo bí Jésù fúnra rẹ̀ ṣe ṣe é. Lóru tí wọ́n mú un, Pétérù dúró nídìí iná èédú ní àgbàlá olórí àlùfáà, ó ń yáná torí òtútù mú, ibẹ̀ ló sì ti sẹ́ Olúwa rẹ̀. Jòhánù 18:18 ló dárúkọ iná náà. Nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún iná èédú yẹn jáde. Ìkejì wà nínú Jòhánù 21:9. Ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ-ẹ̀yìn méje ti òkun dé, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n bá iná èédú ní èbúté, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Olúwa ló dá a.

Ká ní èmi ni Pétérù, òórùn èédú yẹn nìkan ti tó láti da inú mi rú. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé Jòhánù kàn ṣèèṣì kọ ọ́ ni. Jésù mú ọkùnrin náà padà sídìí iná tó ti ṣubú. Àmọ́ kò fi ìbéèrè pàdé e. "Ẹ wá jẹun" ló kọ́kọ́ sọ. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó bi í lẹ́ẹ̀mẹta, iye ìgbà tó sẹ́ gẹ́lẹ́: "Símónì ọmọ Jónà, ìwọ fẹ́ràn mi bí?" Àwọn oníwàásù lè lo wákàtí kan lórí oríṣi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ méjì tó wà nínú Gíríìkì ibẹ̀ yẹn. Èmi ò rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni gbólóhùn kékeré yìí, pé inú Pétérù bàjẹ́ nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀bẹ ti gé dé ibi tí kókó ti le.

Ó sì gbéṣẹ́ fún un lójú àwọn mẹ́fà yòókù: máa bọ́ àwọn àgùntàn mi. Mo fẹ́ràn ohun tó tẹ̀lé e, tí a kì í sáábà wàásù lé lórí. Ẹsẹ̀ wọn kò tíì kúrò níbẹ̀ tán tí Pétérù fi bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ-ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn, ó ní, "Olúwa, eléyìí ńkọ́?" Jésù ní kí ló kàn ọ́ níbẹ̀, ìwọ ṣáà máa tọ̀ mí lẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bọ̀ sípò o! Pétérù ṣì ni Pétérù. Kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ti dárí ji ọkọ yín lánàá, tó tún wá ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti Gálílì bọ̀ wálé wàyí.

Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí ó fi dé Èkó, àwọn Potogí rà á, wọ́n dì í sínú ọkọ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lójú òkun, tí wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n: ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Crowther, ó kàwé, ó di àlùfáà ní 1843. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Òun náà kò mọ̀ ní ti ìyá rẹ̀.

Oṣù kẹjọ 1846 ni Crowther dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú iṣẹ́ ìhìnrere. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, obìnrin kan àti arákùnrin Crowther kan wá a kàn. Ìyá rẹ̀ ni. Ọdún tí wọ́n ti ya ara wọn ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ó kọ bó ṣe rí sílẹ̀, ìyẹn la fi mọ̀. Ìyá náà ń gbọ̀n. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀, omijé ńlá ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà tó ti gbẹ. Ó ń fi àwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà fi máa ń pè é ní kékeré pè é, ìyá àgbà tó ti kú sí oko ẹrú. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Kò sẹ́ni tó kígbe "mo gbà á padà" nínú yàrá yẹn. Kí ni wọn ì bá gbà padà? Ẹsẹ tí a máa ń dì mú ni Jóẹ́lì 2:25, níbi tí Olúwa ti sọ pé òun yóò dá ọdún tí eéṣú ti jẹ padà. Mo gba ìlérí náà gbọ́. Àmọ́ Àfàlá kò rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì wẹ àkọ́bí ọmọ rẹ̀ fún un. Àjàyí tí ogun kó lọ kọ́ ni wọ́n dá padà fún un. Ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún ni wọ́n mú wá síwájú rẹ̀, tó ní aya àti ọmọ, tó ń wàásù ẹ̀sìn tí òun kò mọ̀. Ìyá ní láti kọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ yìí jẹ́ lọ́tun. Èyí gan-an ni mo rí nínú ìsọdọ̀tun. Àwọn tọkọtaya tó bá wá bá mi pé kí n gbàdúrà kí ilé àwọn padà sí bó ṣe wà lọ́dún tí àwọn ṣègbéyàwó, mo máa ń sọ fún wọn pé àdúrà yẹn kò lè gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ẹ fẹ́ kò sí láyé mọ́. Ẹni tó jókòó tì yín yìí ni kí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.

Crowther ní ẹsẹ Bíbélì tó wà fún ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà òun ni Orin Dáfídì 10:14, pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìní baba, pé òun kò mọ agbára ẹsẹ náà rí tó bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì wo ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí: kò sáré. Oṣù kejì 1848 ló tó ri ìyá rẹ̀ bọmi, ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé. Orúkọ tí ìyá gbà ni Hánà. Ẹ̀yin tó mọ Bíbélì ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni ìyá Sámúẹ́lì? Ọkùnrin tó wá wàásù fún gbogbo Ẹ̀gbá kò ti ìyá rẹ̀ sínú omi. Nígbà tí mo bá rí àwọn ọmọ wa tó gba ìgbàlà ní yunifásítì, tí wọ́n délé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ń bá ìyá tó bí wọn jà nídìí ọbẹ̀, ọdún kan àtààbọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Mo gbọ́ pé wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìsọjí pẹ̀lú. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ní oṣù keje 1930, ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, nígbà tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀pọ̀ èrò wọ́ wá láti ìlú tó súnmọ́ àti ìlú tó jìnnà, àwọn òbí ẹlòmíràn nínú yín sì wà nínú èrò náà. Ewébẹ̀ tó rọ á sọjí bí òjò bá kàn án. Ṣùgbọ́n òjò kì í di àwọ̀n. Ẹni tó kúrò ní òkè ìsọjí ṣì máa délé bá ẹni tó jẹ ní gbèsè. Jésù tilẹ̀ ní bí o bá ti dé iwájú pẹpẹ, tí o rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní nǹkan sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Mátíù 5 ni. Nínú gbogbo ìsìn ìdúpẹ́ tí mo ti jókòó sí, mi ò tíì rí ẹni tó gbé ewúrẹ́ rẹ̀ so mọ́ igi tó ní òun ń bọ̀.

Ibì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ rọra tẹ̀. Bí a bá ń sọ ìmúbọ̀sípò, àwọn kan á yára mú un ṣe pàṣán na ẹni tí wọ́n ti na tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí wọ́n tà á, ó di ẹni ọgbọ̀n ọdún kó tó dúró níwájú Fáráò, ọdún méje ọ̀pọ̀ oúnjẹ kọjá, ìyàn ti wọ ọdún kejì kó tó sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ pé èmi ni Jósẹ́fù. Ó ti lé ní ogún ọdún. Kó tó sọ ọ́, ó dán wọn wò: ó fi Síméónì sẹ́wọ̀n, ó dá owó wọn padà sínú àpò, ó fi ife fàdákà sínú àpò Bẹ́ńjámínì. Àwọn kan ní ìkà ni. Lójú tèmi, ohun kan ló fẹ́ mọ̀: bí àyè bá tún yọ, ṣé wọ́n á tún ta ọmọ Rákélì kejì? Nígbà tí Júdà ní kí wọ́n mú òun lẹ́rú dípò ọmọ náà, ìgbà yẹn ni Jósẹ́fù bú sẹ́kún. Ó ti lè dárí jì wọ́n tipẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò fi dárà.

Torí náà, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, kò sí ẹsẹ Bíbélì tó ní kó padà sábẹ́ ìkúùkù kó lè fi hàn pé òun ti dárí jì í. Mo ń sọ èyí torí mo jókòó sínú ìpàdé àwọn àgbà kan rí, ó ti pẹ́, níbi tí wọ́n ti ní kí obìnrin tí ojú rẹ̀ wú máa lọ sílé, kó máa tẹrí ba, kó máa gbàdúrà. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wà lára àwọn tó wò. Mi ò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ ní ohunkóhun. A fi oore-ọ̀fẹ́ túká.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀. Nínú ìtàn Jósẹ́fù yẹn kan náà, ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 50. Jákọ́bù gbé ọdún mẹ́tàdínlógún ní Íjíbítì, ó kú, wọ́n sin ín. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn arákùnrin Jósẹ́fù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pé nísinsìnyí tí bàbá ti kú, ó máa gbẹ̀san. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀! Wọn ò gbà á gbọ́ rí. Jósẹ́fù sunkún nígbà tó gbọ́. Àwọn mìíràn nínú wa ló wà nínú irú ilé yìí: wọ́n ti dárí jì wá, a ṣì ń sùn pẹ̀lú ojú kan ní ṣíṣí.

Ní ti ìjọ, ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí à ń pè ní ìbáwí. Ọmọbìnrin lóyún láìṣègbéyàwó, akọ́rin mutí yó níbi ìnáwó, wọ́n á ní kó máa jókòó sẹ́yìn, kò ní jẹ Oúnjẹ Olúwa fún ìgbà kan. Mi ò ní kí a pa á rẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní: ta ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé? Nínú 2 Kọ́ríńtì 2, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé nípa ẹnì kan tí ìjọ ti bá wí, ó ní ìyà náà ti tó, ẹ dárí jì í, ẹ tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ tó pọ̀jù má baà gbé e mì. Ọ̀pọ̀ tó jókòó sẹ́yìn ni ìbànújẹ́ ti gbé mì níṣojú wa. Wọ́n ti di ọmọ ìjọ mìíràn, tàbí wọn kì í lọ sí ìkankan mọ́, àwa sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé pé "ó ti padà sẹ́yìn." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn la ní kó jókòó.

Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí. Alága fún wọn láyè ìbéèrè, àwọn méjì ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní, "Bàbá, bí ẹni tí mo ṣẹ̀ bá ti kú ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ lọ bá?" Ìjókòó pa lọ́lọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Crowther, torí mi ò tíì parí ìtàn rẹ̀. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 1864. Ní 1890, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn míṣọ́nárì òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kéré púpọ̀ sí tirẹ̀ jókòó ní Oníṣà, wọ́n ń dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀. Bàbá fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, tó jẹ́ Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, dúró nínú kàtídírà yẹn kan náà, ó tọrọ àforíjì: pé a dalẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù náà, a já a kulẹ̀, ohun tí a ṣe kò dára. Ó ti lé ní ọdún méjìlélọ́gọ́fà tí Crowther ti kú. Kò gbọ́.

Mo sọ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé mo mọ̀ pé ó pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó wo ohun tí Welby ṣe: ó pè é ní orúkọ rẹ̀, kò ní "bí a bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹni náà bímọ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn. Mo ní Ìbàdàn kò jìnnà. Ó jókòó.

Ẹnì kejì ni ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí fèrèsé. Kò dìde, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu yín. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ta ni ẹ di àwọ̀n pẹ̀lú rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún wọn pé mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ilẹ̀ bàbá wa ló dá ìjà sílẹ̀. A gbé e dé kóòtù. Ẹ mọ ohun tí àwọn bàbá wa sọ, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n dá mi láre. Ọdún méje gbáko, n kò gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀. Mo ń wàásù ní gbogbo ọdún méje náà.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni mo lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó sáré wọlé lọ pe ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó rí òkú. Àbúrò mi jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó." Wọ́n gbé omi wá, mo mu ún. A wo ìròyìn. Wọ́n mú iná. Ó tan àtùpà, ó bi mí bóyá dókítà ti ní kí n máa jẹ ata báyìí, mo ní rárá. Ó ní òun náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé títì, ó dúró títí mo fi rí ọkọ̀.

Ìyá náà ní, "Ilẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Mo ní a kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí n mú ìwé ilẹ̀ dání. Mo ti yọ ọ́ nínú àpótí. Ó wà nínú báàgì mi níbí.